Ọkọ̀ Ògbólógbòó ní Ìlú Èkó àti Àwọn Tí Kò Jẹ́ Kí Ó Kú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ nípa aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nípa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń ṣe ọkọ̀ lè fi tuntun yangàn lójú wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọkọ̀ tí ó ti gbó, tí ó ti rin ìrìn ọ̀pọ̀ ọdún ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí ó sì tún ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé láràárọ̀, àwa ni àgbà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìtàn bí a ṣe di àgbà nínú iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìlówó lásán ni ó kọ́ wa. Àìlówó ni ó sún wa dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ ni ó mú wa dúró, ọgbọ́n náà sì ní ìtàn tirẹ̀, ó ní àwọn ọ̀gá, ó sì ní ewu tí ó dojú kọ ọ́ lónìí.

Ní Mende tí mo ń gbé, lẹ́bàá Maryland, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí mo ń wí. Ẹni tí ó bá dúró sí ojú títì Ìkòròdú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó ka ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Ọ̀jọ́ta àti èyí tí ó ń bọ̀ láti ibẹ̀, yóò rí i pé tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí ó sì ti lé ní ọdún 15 kò ṣọ̀wọ́n. Bí ènìyàn bá wá yà sí àdúgbò, yóò rí mẹkáníìkì lábẹ́ igi, yóò rí réwáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò rí fọganáísà ní ìkòríta. Báwo ni gbogbo wọn ṣe dé ibẹ̀?

Ní ọdún 1906 ni a la ọ̀nà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ayé ìgbà náà, ìjọba àti àwọn ọlọ́lá nìkan ni ó ní ọkọ̀. Bí irin kan bá dá nínú ọkọ̀ wọn, òkè òkun ni a ti ń retí òmíràn, ọkọ̀ ojú omi ni yóò sì gbé e wá. Ta ni yóò jókòó kí ó máa wo ọkọ̀ níta títí irin yóò fi dé? Nítorí náà, àwọn tí ó ti mọ irin rọ, tí ó ti mọ igi gbẹ́, tí ó sì ti mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni W. A. Dawodu, ọmọ Èkó tí ó ti ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó sì ń tún un ṣe, ṣáájú ọdún 1920. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti di ohun tí ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ yóò fọ irin, yóò gbé sípánà, yóò sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí a tó ṣe ìdáǹdè fún un. Kò sí ìwé nínú rẹ̀. Ojú ni ó ń rí i, ọwọ́ ni ó sì ń rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ayé bọ́lẹ̀kájà dé. Bí a bá ní kí á sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ó pẹ́ láyé, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọ̀nyí ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí irú Bedford tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í dé pẹ̀lú ara. Orí rẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ àti irin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń gúnlẹ̀; àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ara fún un, tí wọ́n ń to àga sí i, tí akunlé sì ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Nígbà tí ara ọkọ̀ bá jẹ́ pákó, tí a sì mọ ẹni tí ó kàn án, bí ó bá jẹrà, a ó tú u, a ó kan òmíràn, irin ìpìlẹ̀ kan náà yóò sì tún máa lọ. Àwọn awakọ̀ àti oníṣòwò kọ́ nínú èyí pé ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí ó ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà ara ni, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìmọ̀ yìí náà ni ó bí mólúè nígbà tí ó yá, nítorí ọ̀pọ̀ mólúè ìlú Èkó jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 tí àwọn aṣiṣẹ́ irin wa kan ara bọ́ọ̀sì fún.

Ohun méjì kan ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980 tí ó yí ọ̀nà wa padà. Ìkíní ni pé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọdún 1972, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí àwọn tí ó yí wa ká ti ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ yìí sọ́kàn, n ó tún padà sí i. Ìkejì ni pé ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní ọ̀nà Badagry, ilé iṣẹ́ Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Owó epo rọ̀bì ti dé, ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó ra ọkọ̀, akọ̀wé àti olùkọ́ náà sì di ọlọ́kọ̀.

Nínú gbogbo ọkọ̀ ìgbà náà, kò sí èyí tí ó kọ́ wa ní ìtọ́jú bí Volkswagen kékeré tí a sọ ní Ìjàpá. Ìjàpá kò mu omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ nínú, nítorí náà kò sí rédíétọ̀ tí yóò jò. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, bólítì mẹ́rin péré ni ó sì so ó mọ́ ilé jíà, tí ó fi jẹ́ pé mẹkáníìkì méjì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀. Ọ́ìlì tí ó ń gbà kò ju lítà méjì àti ààbọ̀ lọ, ìwé rẹ̀ sì ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 5,000. Bélíìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù tí ó ń fẹ́ ẹ látẹ́gùn àti èyí tí ó ń fún báttìrì ní iná. Nítorí náà, bí bélíìtì bá já, iná pupa yóò tàn níwájú awakọ̀, ẹni tí ó gbọ́n yóò sì dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ́ńjìnì tó jóná. Ẹni tí ó bá ní Ìjàpá ní láti mọ nǹkan wọ̀nyí, ó sì yẹ kí ó ní bélíìtì kejì nínú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi lè lo ọkọ̀ kan náà títí ọmọ wọn fi jáde ní yunifásítì. Ọkọ̀ náà rọrùn, olówó rẹ̀ mọ inú rẹ̀, mẹkáníìkì rẹ̀ sì mọ ohùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé kì í dúró lójú kan. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, tí a mọ̀ sí SAP. Ní 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bí náírà 4. Àwọn èlò tí a fi ń to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, òkè òkun ni ó ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n. Ọkọ̀ tuntun wá di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò lójú lásán. Nígbà náà ni tòkunbọ̀ dé. Ẹ wo bí èdè wa ti gbọ́n tó: Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun, a mú un, a fi sọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò ní ọ̀hún kí ó tó bọ̀ wá ilé. A kò pè é ní àlòkù mọ́. Bí ọmọ tí ó tàjò dé ni a ṣe gbà á.

Ibí yìí ni ọjọ́ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ti wúlò. Bí a bá ṣì ń wakọ̀ ní ọwọ́ òsì bí Gẹ̀ẹ́sì, ìbá rọrùn kí ọkọ̀ àlòkù wa máa ti Bìrìtìkó wá, tàbí Japan, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn ará Kenya àti Tanzania títí di òní. Nítorí pé a ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní 1972, Bẹ́ljíọ̀m, Jámánì, Netherlands àti Amẹ́ríkà ni ó di ọjà wa. Láti Brussels, ní àdúgbò Heyvaert tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ àlòkù pọ̀ sí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kútọnu, láti Kútọnu ni wọ́n sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ wa, títí ìjọba Nàìjíríà fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Bẹ́ljíọ̀m wọ èdè ọjà wa nítorí rẹ̀. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, níbi tí àwọn ará wa Ìgbò pọ̀ sí jù nínú àwọn tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, bí a bá ní Bẹ́ljíọ̀m, èyí tí a yọ lára ọkọ̀ àlòkù ní òkè òkun ni a ń wí. Bí a bá ní Taiwan, tuntun tí kò lágbára ni. Àwọn mẹkáníìkì tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Mende fẹ́ràn Bẹ́ljíọ̀m ju Taiwan lọ, wọ́n ní ó sàn kí a ra ògbólógbòó gidi ju kí a ra tuntun ayédèrú. Bí a kò bá sì rí ti ọkọ̀ náà gan-an, wọn a mú ti òmíràn, wọn a fi áyẹ́nì gé e kí ó lè bá a mu. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Àwa nìkan kọ́ ni a ń ṣe èyí. Ní Kúbà, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà dáwọ́ òwò pẹ̀lú wọn dúró láti nǹkan bí 1960, àwọn ará ibẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn mú ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Kumasi, ilẹ̀ Gánà, àdúgbò kan wà tí a ń pè ní Suame Magazine, nítorí ibi tí a ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní àtijọ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, tí wọ́n sì ń rọ irin tí kò sí ní ọjà. Ibi gbogbo tí owó kò ti tó tí orí sì pé, ọkọ̀ máa ń pẹ́ láyé.

Wàyí o, ibi tí ìtàn yìí ti le nìyí. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míìn ni. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun tí a bá tà níbẹ̀ ní kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnì, àti ihò kan tí a lè ki ẹ̀rọ bọ̀ láti gbọ́ àrùn ọkọ̀. Àrùn náà ní nọ́ńbà: bí ẹ̀rọ bá kọ P0300, ó túmọ̀ sí pé iná kò jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnì. Irú ọkọ̀ yìí ni ó kún Èkó lónìí, tí àwọn ọmọ Èkó ti fún ní orúkọ àlàjẹ́, bí Toyota Camry ti 2007 tí wọ́n ń pè ní Muscle. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń tọ́jú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Nínú ọkọ̀ tí ń mu omi, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí a ń pè ní tẹ́mọ́sítáàtì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ó ń pa dé kí ẹ́ńjìnì lè tètè yá gágá. Nígbà tí ó bá gbóná tó, ó ń ṣí kí omi lè lọ sí rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n ní òtútù kò sí ní ilẹ̀ wa. Wọ́n tún ń so fáànù mọ́ báttìrì ní tààrà kí ó máa yí láìdúró. Lójú, ọkọ̀ kò gbóná mọ́, gbogbo ènìyàn sì yọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rò pé ẹ́ńjìnì kò tíì móoru, ó sì ń fún un ní epo púpọ̀ sí i. Ìrì ń dúró sínú ọ́ìlì nítorí ooru kò tó láti lé e. Fáànù tí kò sinmi yóò tètè kú, ní ọjọ́ tí ó bá sì kú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ́ńjìnì yóò jóná. Bákan náà ni omi kànga tí a ń bù sínú rédíétọ̀: ìpẹtà àti èérí ni ó ń bí níbẹ̀. Kúláńtì ní oògùn ìpẹtà nínú, owó gálọ́ọ̀nù rẹ̀ kan kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ́ńjìnì Bẹ́ljíọ̀m.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ará Mende gbọ́dọ̀ mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Aago kìlómítà inú ọkọ̀ kì í ka wákàtí. Ọkọ̀ tí ó lo wákàtí méjì láti Maryland dé Obalende ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kìlómítà tí ó rìn kò pọ̀. Ìdí nìyí tí ìwé àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi sábà máa ń sọ pé, níbi tí ooru, eruku àti ìdúró-lójú-ọ̀nà bá pọ̀ sí, kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì kí àkókò rẹ̀ tó pé. Ẹni tí ó ń fi kìlómítà nìkan ka ọjọ́ orí ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó ń tan ara rẹ̀ ni. Láti kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ́ìlì tí a pààrọ̀ lásìkò, omi tí a yẹ̀ wò kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, bélíìtì tí a pààrọ̀ kí ó tó já, ìwọ̀nyí ni ẹ̀ka ìrókò náà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ọkọ̀ ògbólógbòó ń pa ènìyàn, ó sì ń rú èéfín sí ìlú. Òótọ́ ni. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde ní 2020 tí ó sọ pé láàárín 2015 àti 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni a kó jáde ní ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú wọn kò dára tó. Nítorí náà, bí a bá ní kí á ná owó díẹ̀, ààlà wà. A lè fara da ilẹ̀kùn tí ó bó kunkun. A kò gbọdọ̀ fara da bíríìkì tí kò mú àti táyà tí ó ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára táyà tí ó ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀: bí a bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Ẹni tí ó bá ń ra táyà tòkunbọ̀, kí ó ka nọ́ńbà náà kí ó tó ka owó.

Èéṣe tí mo fi ń sọ gbogbo èyí nísinsin yìí? Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ìjọba kéde pé òun kò ní san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Lítà epo kan tí kò tó náírà 200 ní Èkó di náírà 488 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí 2024 tó parí ó ti sún mọ́ 1,000. Dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bí náírà 460 ṣáájú oṣù kẹfà ọdún náà kọjá 1,400 ní 2024. Tòkunbọ̀ tí ó gbà wá ní 1986 ti wá ga ju orí òṣìṣẹ́ lọ. Ọkọ̀ tí olúkúlùkù ní lọ́wọ́ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tí yóò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Bí ọkọ̀ ìyá kan tí ń fi ọkọ̀ ná ọjà Mile 12 bá kú, òwò rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ní àkókò yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ń rọ̀ lọ. Àwọn ọ̀gá ní Mende sọ fún mi pé ọmọ iṣẹ́ kò wọ́pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin fẹ́ràn kí ó gun ọ̀kadà kí ó rówó lójoojúmọ́ ju kí ó fọ irin fún ọdún mẹ́rin lọ. Àwọn àgbà mọ ohùn ẹ́ńjìnì, wọn kò mọ P0300. Àwọn ọmọdé díẹ̀ tí ó mọ P0300, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọn kò sì tíì mọ ohùn ẹ́ńjìnì. Ìmọ̀ méjèèjì kò tíì fẹ́ ara wọn.

Ohun tí ó kan Ẹgbẹ́ wa nìyí. Àwọn mẹkáníìkì ti fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ẹ́ńjìnì ń jẹ ọ́ìlì, wọ́n ní ọkọ̀ ń mu epo, wọ́n ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àrùn tí ó ń tọ́ka sí, àrùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìwòsàn. Bí a ti ń kọ orúkọ ewé àti egbò sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a jókòó ti àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, kí a kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, kí a sì fi èdè wa ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fún wọn, kí ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì má baà yọ tẹ́mọ́sítáàtì sọnù mọ́. Ìwé kékeré kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́wàá ní ìsinmi tí ń bọ̀, a ó ti ní ohun tí a ó tẹ̀ jáde kí ọdún tó yípo.